Òdòdó Tí Ń Jẹ Edé ní Ìlú Jẹun-Kí-N-Rí-Ọ

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ẹ di gbòǹgbò náà mú; ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá nǹkan fara tì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí a máa gbé ènìyàn ṣubú. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tí ń rìn lórí ewé gbígbẹ tí ewé kò mọ̀. Ẹkùn rí mi, ó ṣe bí ẹni tí ń wá nǹkan tó sọnù, ó yà sí ọ̀nà ibòmíràn. Ẹfọ̀n rí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o." Sàlámì onígbàjámọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Sàlámì, ìwọ tí adìyẹ lé wọ ilé ìdáná lọ́jọ́sí, ẹ̀rín kí lò ń rín?

"Bàbá, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ," ni Sàlámì wí. "Adìyẹ náà ní ọmọ lẹ́yìn ni."

Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Àwọn àgbà kò purọ́. Ó kàn jẹ́ pé wọn kò dé ibi tí mo dé ni. Èmi rí òkun nínú àpótí, nínú ààfin ọba iwin kan, láàárín igbó tí kò ní odò, ẹ̀rù sì bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà mi fi sọ̀ kalẹ̀ lórí mi fúnra rẹ̀.

Ajá mi ló fà á. Tọpasẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nígbà náà n kò tíì láya, Tọpasẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, òun ni mo ń bá jà nírọ̀lẹ́. Bí ibà bá dá mi wó, ẹsẹ̀ mi ni í dùbúlẹ̀ lé títí ara mi á fi yá. Ní ọjọ́ kan ó lé ẹtu kan wọ Igbó Àṣìnà. Mo gbọ́ gbígbó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà igbó pa rọ́rọ́.

Ta ni í wọ Igbó Àṣìnà? Kò sí ẹni tí í wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́. Igi kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo ṣẹ́jú, ó ti wà lọ́wọ́ òsì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo fi ọ̀bẹ sàmì sára igi kan kí n lè mọ̀ ọ́n, igi náà fi èékánná sàmì sí mi lára kí òun náà lè mọ̀ mí. Báyìí ni àwa méjèèjì ń mọ ara wa kiri, títí mo fi já sí ẹnu ibodè ìlú kan. Wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sára ògiri gàgàrà: JẸUN-KÍ-N-RÍ-Ọ.

Oníbodè jókòó síbẹ̀. Iwin ni, ó sì ní ẹnu méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnu òkè ń jẹ iṣu, ẹnu ìsàlẹ̀ sì ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ọmọ ènìyàn, kí ni ń jẹ tí kì í yó?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí àlọ́ tí í dá mi dúró. Mo ní, "Ilẹ̀ ni. Ó jẹ baba mi, ó jẹ baba baba mi, kò tíì sọ lọ́jọ́ kan pé òun yó."

Ẹnu méjèèjì rẹ́rìn-ín, iṣu fọ́n ká. "Irọ́! Àlejò ni. Àlejò tó bá ní òun yó, ojú ló ń tì í. Wá jẹun."

Mo jẹ iṣu. Mo ní mo yó. Ó ní ojú ló ń tì mí. Mo tún jẹ. Nígbà tí mo fi kọjá níbẹ̀, ìgbànú mi ti já, mo sì ń fi ọwọ́ kan gbé ikùn lọ bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ará ìlú náà ní ẹnu méjì: wọ́n ń fi ọ̀kan jẹun, wọ́n ń fi èkejì bẹ ẹlòmíràn pé kó jẹun.

Níkẹyìn mo gbúròó ajá mi láàfin. Wọ́n so ó mọ́ òpó. Ọba wọn, Ọba Àjẹṣẹ́kù, jókòó sórí ìtẹ́, ìyá rẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Bùsíi ni gbogbo ìlú ń pe ìyá yìí. Láàárín wọn ni àpótí dígí kan tó ga tó mi láyà, omi òkun kún inú rẹ̀. Wọ́n dá òrùlé lu lókè rẹ̀ kí oòrùn lè máa ta sínú omi náà. Lórí ìtẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, nínú omi níbẹ̀, nǹkan kan lẹ̀ mọ́ òkúta, ó rún jọ bí àgbálùmọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọba ní, "Arẹwà-Òkun nìyẹn, òdòdó ààfin wa. Ó ń là bí agboòrùn, ó ní ìka tó ju ẹgbàá lọ, ó sì ń jẹ edé. Ajá rẹ fi ahọ́n lá omi rẹ̀, Arẹwà-Òkun sì pa ẹnu dé. Ọjọ́ Ìwòran ń bọ̀, gbogbo ìlú iwin tó yí wa ká yóò wá wò ó. Bí kò bá là kó tó di ọjọ́ náà, a óò gé ajá yìí wẹ́wẹ́, a óò fi bọ́ ọ, bóyá ẹran ajá ló ń wù ú."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, òní ni ajá mi dé. Ìgbà wo ni òdòdó yín ti ń ṣàìsàn?"

Ìjòyè kan wúkọ́. "Láti ọdún tó kọjá ni."

"Síbẹ̀, ajá náà ló fà á," ni Ọba wí.

Ẹ rí i bí ayé ti rí. Ẹni tó bá dé nígbà tí ilé ń jó ni wọ́n ń pè ní ẹni tó dáná sun ún. Mo wo Tọpasẹ̀, ó mi ìrù sí mi, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń sọ. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ fún mi láàyè. Èmi Ọdẹ́rìndé yóò mú kó là."

Kí ni mo mọ̀ nípa òdòdó òkun? N kò mọ nǹkan kan! Ṣùgbọ́n ọdẹ tí kò bá lè fọ́nnu kò yẹ kó ru àpò.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, mo ti ọwọ́ bọ omi láti fi ìka tọ́ òdòdó náà wò. Yéè! Ìka kéékèèké mélòó kan yọ jáde lára rẹ̀, wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n sì ta mí bí ìgbà tí ènìyàn bá ki ọwọ́ bọ yèrèpè. Mo fò sókè, mo fi orí gbá àjà, mo jó ijó kan tí a kò tíì fún lórúkọ.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú omi. Ẹja kékeré méjì yọ lẹ́yìn òdòdó, ara wọn pọ́n bí ọsàn, ìlà funfun sì gba ara wọn kọjá. Èyí abo tóbi, akọ kéré.

"Pẹ́ńpẹ́, ọkọ mi, wo ọkùnrin ńlá tó ń jó," ni ìyá ẹja wí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ń gbé inú ìka rẹ̀, kí ló dé tí kò ta yín?"

"Aṣọ omi tó ń yọ̀ wà lára wa. Ìwọ dà, aṣọ wo lo wọ̀? Ilé wa ni èyí, bí ó bá kú, a di aláìnílé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà."

Pẹ́ńpẹ́ ní, "Bí ìyàwó mi sì kú, èmi ni n ó di ìyàwó."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Bí tiwa ti rí nìyẹn. N ó tóbi sí i, n ó di abo, n ó fẹ́ ọkọ kékeré."

Mo jókòó sílẹ̀. Sàlámì, má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyá ẹja ní, "Ọdẹ, o kò fẹ́ mọ ohun tó ń pa ilé wa ni? Bóyá o gbọ́n, bóyá o kò gbọ́n. Tọkọtaya kan wọ ilé kan. Oòrùn pe ọkọ, ọkọ bá oòrùn lọ sókè, kò padà mọ́. Aya jókòó. Àwọn ará ilé ní ilé ti dá, wọ́n tún mú tọkọtaya mìíràn wọlé. Oòrùn tún pe ọkọ lọ. Wọ́n tún mú òmíràn wá. Ta ni yóò kún ilé náà?"

"Àwọn ìyàwó ni."

"Orí ẹ pé. Ta wá ni ọkọ? Ta ni aya?"

Háà! Mo rìn yí àpótí náà ká. Mo yọ́ ọ̀rọ̀ náà wò bí ẹni yọ́ ẹyẹ. Mo jókòó, mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ kan dúró. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé, "Bí omi àpótí yìí bá fà, kí ni ẹ ń bù kún un?"

"Omi òkun ni. Àwọn arùmi ń rù ú wá láti etíkun. Èèwọ̀ ni kí omi lásán kan Arẹwà-Òkun. Omi ọba ni a fi ń kún omi ọba."

Mo fi ahọ́n kan omi tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rù dé: iyọ̀ ni, bí òkun ti í rí. Mo fi ahọ́n kan omi inú àpótí: ahọ́n mi fẹ́ sá padà sí ọ̀fun! Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ẹ̀yin apọ́n tó wà níbí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣé ẹ ti gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná rí? Omi rẹ̀ fà, ọbẹ̀ wá kún fún iyọ̀ bí ojú ẹkún. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ṣé ọbẹ̀ oníyọ̀ mìíràn ni ẹ ó dà lé e lórí? Omi ni ẹ ó bù sí i!

Mo pariwo, "Omi ni ọkọ, iyọ̀ ni aya! Oòrùn ń gbé omi lọ, kì í gbé iyọ̀. Bí wọ́n ti ń bu omi òkun kún un, iyọ̀ ni wọ́n ń kó jọ!"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí o ti ń fi ẹsẹ̀ kan dúró," ni ìyá ẹja wí. "Ṣùgbọ́n o gbìyànjú."

Mo lọ bá Ọba, mo ní omi òjò ni kí a bù sí i. Wọ́n fẹ́ jẹ mí lóòyẹ̀! Olórí àwọn arùmi fò dìde. "Ọ̀nà jíjìn ni a ti ń ru omi yìí bọ̀, ọrùn wa ti wọ inú àyà! Kí ọmọ ènìyàn wá sọ pé omi tó já bọ́ láti orí òrùlé ló dára jù?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ tọ́ méjèèjì wò." Ọba fi ẹnu òkè mu omi tuntun, ó mi orí. Ó fi ẹnu ìsàlẹ̀ mu omi àpótí, ojú rẹ̀ sì lọ́ pọ̀, ẹnu kan fẹ́ gbé ẹnu kejì mì. Ó wúkọ́ títí adé fi yí sẹ́yìn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ lọ gbé ìkòkò òjò wá."

Àwọn arùmi sáré fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo di ìkòkò mú. "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà! Bí ẹ bá yí omi rẹ̀ padà lójijì, ẹ ó pa á." A bu omi oníyọ̀ kúrò ní igbá kékeré, a bu omi òjò sí i ní igbá kékeré, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, títí omi àpótí fi ní adùn iyọ̀ kan náà pẹ̀lú ti òkun. Òdòdó náà sì yọ ìka díẹ̀ síta, bí ọmọ ọwọ́ tó ń jí.

Ẹ rò pé ó ti parí? Ìyá Bùsíi ṣẹ́kù.

Ní gbogbo àárọ̀ ni ìyá yìí ń gbé agbọ̀n edé wá. "Ọkọ mi, jẹun kí n rí ọ." Odidi edé, pẹ̀lú orí àti ìwo, ló ń tì sí òdòdó náà lẹ́nu. Òdòdó á gbà á, nítorí ohunkóhun tó bá kàn án ní ìka ló ń gbà. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, á bì í síta. Edé á jẹrà sí ìsàlẹ̀ àpótí, omi á máa rùn. Ìyá Bùsíi á ní òórùn ebi ni, á lọ gbé agbọ̀n mìíràn wá.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá oúnjẹ dúró fúngbà díẹ̀."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ó ní kí n fi ebi pa àlejò ilé mi! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú yín nìyẹn? Abájọ tí o fi rí tínńrín bí igi ìfọyín."

"Ìyá, ó ti yó."

"Ó sọ fún ọ?"

"Ó tu ú síta, Ìyá."

"Ó ń tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la ni!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí òdòdó náà fi tu odidi edé kan jáde. Edé náà fò nínú omi, ó gba orí omi kọjá, ó sì balẹ̀ sórí gèlè Ìyá Bùsíi, ìwo rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìyẹ́ àkùkọ.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo jẹ ahọ́n mi. Ìyá náà mú edé kúrò lórí, ó wò ó títí. Ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó fi ń bẹ ènìyàn, dákẹ́. Ẹnu òkè ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré.

"Ọdẹ, láti ìgbà tí ọmọ mi ti jọba, kò jẹun lọ́wọ́ mi mọ́. Èèwọ̀ ni, alásè ààfin ló ń bọ́ ọ. Nínú gbogbo ilé yìí, òdòdó yìí nìkan ló ń la ẹnu sí mi. Bí o bá ní kí n má bọ́ ọ, kí ni kí n máa fi ọwọ́ mi ṣe?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti bá ẹranko oníwo mẹ́sàn-án jà, n kò rí ìbéèrè tó le bí èyí. Mo kàn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kó fọ edé, kó bó o, kó gé e kó má ju èékánná lọ, kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lé òdòdó náà ní ìka jẹ́ẹ́, kó yọ èyí tí kò bá jẹ. Bí ọjà bá ná lẹ́ẹ̀kan, kó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé edé náà. Òdòdó gba ìrẹ́ kékeré náà, ó ká ìka bò ó, kò sì bì í. Ìyá Bùsíi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Àfi bí ilẹ̀ Ọjọ́ Ìwòran ṣe mọ́. Iwin kún ààfin: ẹlẹ́sẹ̀ kan, olójú lẹ́yìn, elétí bí ìbòrí. A ṣí aṣọ lórí àpótí, ìtẹ́ òkúta ṣófo! Arẹwà-Òkun ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ, ó ti ki ara rẹ̀ bọ pàlàpálá òkúta ní kọ̀rọ̀, ó sì ti sún kì bí kóró àgbálùmọ̀.

Ọba ké. "Ó kọ ìtẹ́ sílẹ̀! Ẹ gbé ọ̀bẹ wá, ẹ ṣí i kúrò níbẹ̀, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe."

Mo na ọwọ́ méjèèjì dí ojú àpótí. "Bí ẹ ti máa ń ṣe? Ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Kábíyèsí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ń fà ya! Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó wù ú."

"Òdòdó ọba kì í gbé kọ̀rọ̀!"

"Ẹ dúró kí oòrùn wọlé láti òrùlé. Bí kò bá là nígbà náà, ẹ ṣe ohun tí ẹ fẹ́."

Ọba ní ó dára. Alápatà ààfin tú Tọpasẹ̀ kúrò lára òpó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá ọlọ́dẹ, ṣé ẹ óò gba awọ rẹ̀?" Ajá mi ẹ̀wẹ̀ ń lá a lọ́wọ́, nítorí òórùn ẹran ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ń fojú wá ọ̀nà tí àwa méjèèjì ó gbà sá. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oòrùn wọlé. Ó tàn sórí ìtẹ́ òkúta, ó rìn lórí iyanrìn, ó kan kọ̀rọ̀. Òdòdó náà gbọ̀n, ó sì tu nǹkan kan jáde, ó ṣókùnkùn, ó ń fà bí ikun imú.

"Ó ti kú! Ó ti jẹrà!" ni gbogbo ààfin ń ké. Alápatà gbé ọ̀bẹ sókè.

Ìyá ẹja yọ orí sókè omi, ó fi gbogbo agbára pariwo. "Ẹ dákẹ́ ẹnu yín! Ó lọ sí ìgbẹ́ ni! Ṣé ẹ̀yin kì í lọ? Ẹnu kan ló ní, òun ló fi ń jẹ, òun náà ló fi ń ṣe é. Ẹ̀yin ẹlẹ́nu méjì!"

Ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu, ẹnu méjì-méjì.

Bí wọ́n ti ń wo ara wọn ni Arẹwà-Òkun mu omi sínú. Ó wú. Ó gùn. Ìka kan yọ, igba yọ, ẹgbàá yọ, àwọ̀ wọn dà bí ewé tuntun, ṣóńṣó wọn sì jẹ́ elésè àlùkò. Ó là gbàràgàdà títí ó fi bo kọ̀rọ̀ náà tán, Pẹ́ńpẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ sì kó wọ inú rẹ̀ bí ọmọ tó wọ ẹ̀yìn ìyá. Àwọn iwin hó yèè, elétí-bí-ìbòrí fi etí pàtẹ́wọ́, alápatà ju ọ̀bẹ nù, ó sì dì mọ́ ajá mi. Èmi jó ijó tí mo jó ní ọjọ́ kìíní, lọ́tẹ̀ yìí nǹkan kan kò ta mí.

Ọba Àjẹṣẹ́kù dìde, ó wo ìtẹ́ òkúta tó ṣófo, ó wo kọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìtẹ́ tòun náà lọ síwájú kọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó ni yóò lọ bá a.

Wọ́n fún mi ní ajá mi. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ayọ̀ ń gbé mi fò. A dé ẹnu ọ̀nà ààfin, Ìyá Bùsíi jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n edé lórí ẹsẹ̀. Ìrẹ́ kan ṣoṣo ló ti fi bọ́ òdòdó, ọjà mìíràn ṣì jìnnà, edé yòókù sì wà níbẹ̀. Ó kàn ń wo edé náà. Ajá mi dúró. Ó gbóòórùn. Ó wò mí, ó wo ìyá náà, ó sì la ẹnu.

Ìyá Bùsíi sọ edé kan sí i. Ajá gbé e mì. Ó sọ èkejì. "Jẹun kí n rí ọ," ni ẹnu ìsàlẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti padà. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ajá kì í bi edé, ajá kì í pa ẹnu dé, ajá kì í ní òun yó. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, ó ń fi ẹnu méjèèjì pè é ní ọkọ mi.

Mo fa okùn. Tọpasẹ̀ dìde, ó tẹ̀ lé mi ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn. Mo mọ ajá mi. Bí mo bá pè é, yóò bá mi lọ. Mo la ẹnu láti pè é.

Mo tú okùn náà.

Mo gba Igbó Àṣìnà padà wálé, n kò mú ẹran, n kò mú ajá, ẹ̀rín ń pa mí, omi ń dà lójú mi, àwọn igi sì ń yà fún mi. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kan lé e, kí ilé mi má gbà mí wọlé nígbà tí mo bá padà.

Sàlámì, kí ló dé? Ìwọ ni ojú ẹ pọ́n yẹn?

"Bàbá, èmi ò lè gbà á. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ẹ wá fi ajá yín sílẹ̀ fún iwin?"

Iwin wo? Ìyá kan ni mo fi í sílẹ̀ fún.